Nígbà Tí Àìsàn Bá Wọ Ilé Ìwòsàn: Ẹ̀kọ́ Ọbáléndé fún Ìdílé Wa ní Mọ́níyà



Tí wọ́n bá gbé e lórí rédíò pé àìsàn kan ti wọ ilé ìwòsàn, pé dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ náà ti dùbúlẹ̀, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń tẹ̀lé e láàárín wa. Àwọn kan á sá fún ilé ìwòsàn pátápátá, títí kan aboyún tí ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ ti pé. Àwọn kan á máa fi ọ̀rọ̀ tí wọn kò mọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwọn kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo nọ́ọ̀sì tó ń bá wọn gbé ilé kan náà bí ẹni tó gbé ikú wọlé. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Mọ́níyà gan-an. Ẹnu wa níhìn-ín ni ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Èkó bọ̀ ń já èrò sí. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ gba ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà Ìṣẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Awakọ̀ tírélà, oníṣòwò, ọmọ ilé ìwé àti àlejò ń wọlé ń jáde lójoojúmọ́. Tí ara ẹnì kan nínú wọn bá gbóná lóru, kì í ṣe UCH ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e lọ. Ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù lọ ni, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aládùúgbò wa, tí àwọn ọmọ wọn sì ń bá àwọn ọmọ wa lọ ilé kéú. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a mọ bí àìsàn ṣe ń ti ara aláìsàn dé ara òṣìṣẹ́ ìlera, ohun tí ìdílé lè ṣe láti dí i lọ́nà, àti ibi tí ẹ̀sìn wa dúró sí lórí ìyàsọ́tọ̀ àti òkú wíwẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọbáléndé

Àpẹẹrẹ tó hàn kedere jù lọ nílẹ̀ wa ni ti ọdún 2014. Lọ́jọ́ 20 oṣù keje ọdún náà, ọkùnrin ará Làìbéríà kan tó tún jẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, Patrick Sawyer, gba Lómẹ́ wọ Èkó nínú ọkọ̀ òfurufú. Ìpàdé ECOWAS tó fẹ́ wáyé ní Kàlàbá ló ń lọ. Ara rẹ̀ kò yá nígbà tó dé, ó sì ṣubú ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Lákòókò yẹn, àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì káàkiri orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáléndé, First Consultants, ni wọ́n gbé e lọ.

Àrùn Ebola ti ń pa èèyàn ní Làìbéríà, Gíníì àti Sàró nígbà náà, ṣùgbọ́n kò tíì wọ Nàìjíríà rí. Aláìsàn yìí ní ibà, àwọn tó gbà á wọlé sì kọ́kọ́ ṣe ìtọ́jú ibà fún un, bí gbogbo ilé ìwòsàn wa ṣe máa ń ṣe. Wọ́n bi í bóyá ó ti súnmọ́ ẹni tó ní Ebola. Ó ní rárá. Bẹ́ẹ̀, arábìnrin rẹ̀ ti kú nípasẹ̀ àrùn náà ní Monrovia láìpẹ́ sígbà náà.

Dókítà àgbà níbẹ̀, Ameyo Stella Adadevoh, kò gba ìdáhùn yẹn bẹ́ẹ̀. Kò rí ẹni tó ní Ebola rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wo ibi tí ọkùnrin náà ti ń bọ̀, ó wo bí oògùn ibà kò ṣe ràn án, ó sì ní kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ kí wọ́n sì ṣàyẹ̀wò fún un. Àwọn aláṣẹ Làìbéríà fẹ́ kí wọ́n dá a sílẹ̀ kó lè lọ sí ìpàdé rẹ̀. Dókítà Adadevoh àti ilé ìwòsàn náà kọ̀ jálẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé Ebola ni lóòótọ́. Sawyer kú lọ́jọ́ 25 oṣù keje.

Kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń bá jà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti fọwọ́ kàn án. Dókítà wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, ẹni tó ń tún yàrá aláìsàn ṣe náà wà níbẹ̀. Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú lọ́jọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 2014. Àwọn mìíràn nínú òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kú. Àwọn kan yè é, bíi Dókítà Ada Igonoh, tó padà sọ ìtàn ara rẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ẹnì kan tó ti súnmọ́ Sawyer tún kúrò l'Ékòó lọ sí Port Harcourt láìgba àṣẹ. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ níkọ̀kọ̀ lọ́hùn-ún kó àrùn náà, ó sì kú. Ìjọba àti àwọn àjọ ìlera wá kó òṣìṣẹ́ jáde, pàápàá àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí àrùn rọpárọsẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì wá gbogbo ẹni tó bá àwọn aláìsàn ṣe pọ̀ kàn. Wọ́n jẹ́ 894. Wọ́n ń bẹ̀ wọ́n wò nílé fún ọjọ́ 21, àbẹ̀wò náà sì tó nǹkan bí 18,500. Lápapọ̀, èèyàn 20 ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 kú. Lọ́jọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) kéde pé Ebola ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹ fi iye yẹn wé ti Làìbéríà, Gíníì àti Sàró, níbi tí ó lé ní 28,000 èèyàn ti kó o, tí ó sì lé ní 11,000 tó kú. Ìyàtọ̀ ńlá tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti yàrá aláìsàn kan ní Ọbáléndé, níbi tí ẹnì kan ti ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí aláìsàn jáde títí èsì àyẹ̀wò yóò fi dé.

Kí ló dé tí òṣìṣẹ́ ìlera fi máa ń kó o kọ́kọ́?

Àwọn kan rò pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé Ebola kiri. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ara ló ń gbé e: ẹ̀jẹ̀, èébì, ìgbẹ́, ìtọ̀, itọ́, òógùn. Ẹni tó kó o kò lè kó o ran ẹlòmíràn títí àmì àìsàn yóò fi hàn lára rẹ̀, èyí tó máa ń gbà tó ọjọ́ 2 sí 21. Bí àìsàn náà bá ṣe ń le sí i ni kòkòrò àrùn inú omi ara aláìsàn ṣe ń pọ̀ sí i. Ara òkú ló léwu jù.

Ẹ wá ro ó wò. Ta ló ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn nígbà tí àìsàn bá le jù? Nọ́ọ̀sì tó ń gún un lábẹ́rẹ́. Òṣìṣẹ́ tó ń nu èébì. Ìyá tàbí aya tó ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Tó bá kú, àwọn tó ń wẹ̀ ẹ́. Àwọn tí àánú mú súnmọ́ aláìsàn gan-an ni àrùn náà ń mú. Nígbà tí WHO ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2015 ní àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta tí Ebola ti jà jù, wọ́n rí i pé ewu kíkó àrùn náà fún òṣìṣẹ́ ìlera fi ìlọ́po 21 sí 32 ju ti ará ìlú yòókù lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ pé òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kan kó àrùn, ẹ má ṣe kà á sí pé ilé ìwòsàn náà ló dá àrùn sílẹ̀. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà láti dí ọ̀tá lọ́nà ni ọfà máa ń kọ́kọ́ bà.

Ibà Lassa náà kọ́ wa ní irú ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú Ebola. Lóṣù kìíní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìlú Lassa, ní Borno òde òní, dùbúlẹ̀ àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Laura Wine lorúkọ rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó kú síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ní Jos, Charlotte Shaw, kó o, ó sì kú. Nọ́ọ̀sì kẹta, Penny Pinneo, tún kó o. Wọ́n gbé òun lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì yè. Nígbà tí onímọ̀ kan tó ń yẹ kòkòrò náà wò ní Yale, Jordi Casals, kó àrùn yẹn, omi inú ẹ̀jẹ̀ Penny Pinneo ni wọ́n fà sí i lára, òun náà sì yè. Orúkọ ìlú tó ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi sọ àrùn náà.

Lassa ṣì wà pẹ̀lú wa. Irú eku kan tó máa ń wọ ilé ló ń gbé e. Ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ eku náà á kán sínú oúnjẹ, èèyàn á jẹ ẹ́. Gààrí tí a sá sẹ́bàá títì tàbí tí a kò bò dáadáa wà lára ohun tó ń fà á. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀ jù. Ìpínlẹ̀ Ẹdó àti Oǹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù, èyí kò sì jìnnà sí wa. Láti ara aláìsàn, ó lè wọ ara ẹlòmíràn nípasẹ̀ omi ara, bíi Ebola.

Ìdáhùn kan ṣoṣo lè gba ẹ̀mí púpọ̀ là

Ìṣòro tó wà fún ilé ìwòsàn àdúgbò ni pé ibà ni gbogbo rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ibà ẹ̀fọn, táífọ́ọ̀dù, Lassa, Ebola, COVID-19: orí fífọ́, ara gbígbóná, àárẹ̀. Tí wọ́n bá gbé ogún èèyàn tí ara wọn gbóná dé lọ́jọ́ kan, ibà ẹ̀fọn ló máa ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Báwo ni nọ́ọ̀sì ṣe fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kó yà sọ́tọ̀? Ohun àkọ́kọ́ tó ní kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìbéèrè ni: Níbo lẹ ti ń bọ̀? Ta ló ṣàìsàn tàbí tó kú nínú ilé yín láìpẹ́? Ṣé ẹ tọ́jú aláìsàn kan tàbí ẹ wẹ òkú?

Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń fi ìdáhùn pamọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọ́n á lé àwọn jáde, pé àdúgbò á gbọ́, tàbí pé owó tí wọn kò ní ni wọ́n á bi àwọn. Ẹ jẹ́ kí a mọ òfin. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Òfin yìí kan náà sọ pé àṣírí aláìsàn ni ohun tó wà nínú fáìlì rẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ tú u síta àyàfi nínú àwọn ọ̀ràn tí òfin fúnra rẹ̀ là sílẹ̀, bíi ìgbà tí fífi í pamọ́ bá lè pa ará ìlú lára. Ẹ̀tọ́ yín ni láti sọ òótọ́, kí a sì tọ́jú yín.

Irọ́ tí aláìsàn pa kò dúró sí ara rẹ̀. Á bá nọ́ọ̀sì dé ilé, á bá ọmọ nọ́ọ̀sì dé kíláàsì. Ẹ̀sìn wa kò fi ọ̀rọ̀ òótọ́ àti amáánà ṣeré. Ohun tí a mọ̀ nípa àìsàn tó wà lára wa jẹ́ amáánà tí a gbọ́dọ̀ fi lé ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn wá lọ́wọ́.

Òkìkí àti oògùn ilé

Lóṣù kẹjọ ọdún 2014, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù kiri lóru ọjọ́ kan pé kí gbogbo èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, kí Ebola má bàa mú wọn. Bàbá ń pe ọmọ, ìyá ń jí ọmọ kékeré lójú oorun. Omi iyọ̀ kò lè dá Ebola dúró rárá. Àwọn kan dé ilé ìwòsàn nítorí iyọ̀ tí wọ́n mu, àwọn kan sì kú.

Lọ́dún 2020, COVID-19 kan ilẹ̀kùn wa n'Ìbàdàn. Lẹ́yìn tí àrùn náà dé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lóṣù kẹta, ọ̀gá àgbà UCH nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jesse Otegbayo, kéde fúnra rẹ̀ pé àyẹ̀wò fi hàn pé òun ní in. Gómìnà Ṣèyí Mákindé náà kéde lọ́jọ́ 30 oṣù kẹta pé òun ti kó o. Àwọn méjèèjì gbádùn. Àṣírí tí wọn kò fi bò yẹn wúlò, nítorí ó jẹ́ kí àwọn tó súnmọ́ wọn mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn náà lọ ṣàyẹ̀wò.

Gómìnà tún sọ lórí rédíò lẹ́yìn náà pé òun lo òróró habatu sáúdà pẹ̀lú oyin láti fún ara òun lókun. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ló gbà pé a ti rí oògùn COVID. A mọ iyì habatu sáúdà nínú súńnà, kò sì sí ẹni tó ní ká má lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí gómìnà ṣe: ó ṣàyẹ̀wò, ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì tún àyẹ̀wò ṣe títí èsì fi fi hàn pé àrùn ti kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá mú habatu sáúdà tó sì fi àyẹ̀wò sílẹ̀ kò tẹ̀lé àpẹẹrẹ yẹn.

Sísá fún ilé ìwòsàn náà ní ikú tirẹ̀ nínú. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí Ebola ti jà, ọ̀pọ̀ aboyún ló bímọ sílé nítorí ìbẹ̀rù, ọ̀pọ̀ ọmọdé ni ibà ẹ̀fọn pa láìgba oògùn. Ebola kò dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ló pa wọ́n.

Ṣé yíya aláìsàn sọ́tọ̀ kò lòdì sí ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun?

Ìbéèrè yìí máa ń jáde ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn Sàábé ti bá a pàdé ṣáájú wa. Lọ́dún 18 lẹ́yìn Híjírà, tó bọ́ sí nǹkan bí ọdún 639 ti Mìláádì, àjàkálẹ̀-àrùn kan bẹ́ sílẹ̀ ní Amwas, nílẹ̀ Palẹstínì. Sayyidina Umar ọmọ Khattab, tó jẹ́ Kálífà, ń lọ sí ilẹ̀ Shām. Nígbà tó dé Sargh, wọ́n sọ fún un pé àrùn ti wà níwájú. Ó fọ̀rọ̀ lọ àwọn àgbà, èrò wọn kò ṣọ̀kan. Ó wá pinnu láti padà.

Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Umar dá a lóhùn pé láti inú kádàrá Ọlọ́hun kan sí òmíràn ni òun ń lọ. Lẹ́yìn náà ni Abdur-Rahman ọmọ Awf dé, tó sọ fún wọn ohun tó gbọ́ lẹ́nu Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a): tí àjàkálẹ̀-àrùn bá wà nílùú kan, kí ẹni tó wà lóde má wọ ibẹ̀, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ má sì sá jáde. Abu Ubaydah fúnra rẹ̀ kú nínú àrùn náà, bẹ́ẹ̀ ni Muadh ọmọ Jabal. Amr ọmọ Al-As tó gba ipò lẹ́yìn wọn kó àwọn èèyàn lọ sórí òkè kí wọ́n lè jìnnà síra wọn.

Nítorí náà, nígbà tí dókítà bá ní kí ẹnì kan dá wà fún ọjọ́ 21, kò mú àṣà àjèjì wá bá wa. Ẹni tó kúrò l'Ékòó lọ sí Port Harcourt lọ́dún 2014 ṣe òdìkejì ìlànà yìí, ẹ̀mí èèyàn ló sì bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ òkú wíwẹ̀ àti jánásà

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le jù fún ìdílé Mùsùlùmí. A kò fẹ́ kí òkú ẹni wa lọ láìwẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni òkú ẹni tí Ebola pa ló ń gbé kòkòrò àrùn náà jù lọ. Ní Gíníì, WHO sọ pé ìsìnkú àti òkú wíwẹ̀ wà nídìí nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kó o nígbà kan.

Nígbà tí àwọn ikọ̀ ìsìnkú ń kó òkú lọ láìbọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn, ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkú pamọ́, àrùn náà sì ń tàn sí i. Ìdí nìyẹn tí WHO fi jókòó pẹ̀lú àwọn àjọ Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì lọ́dún 2014, tí wọ́n sì gbé ìlànà tuntun jáde fún ìsìnkú tó ní ọ̀wọ̀ tí kò sì léwu. Fún Mùsùlùmí, ìlànà náà fi àyè sílẹ̀ fún tayamọ́mù dípò ìwẹ̀. Mùsùlùmí kan nínú ikọ̀ náà, tó ti wọ aṣọ ààbò, ni yóò ṣe é fún òkú. Tí wọ́n bá ti gbé òkú sínú àpò, orí àpò náà ni yóò ti ṣe é. Wọ́n lè fi aṣọ funfun wé e. Ìdílé lè dúró lókèèrè kí wọ́n kírun sí i lára, kí wọ́n sì mọ ibi tí sàréè rẹ̀ wà.

Kí ọjọ́ burúkú tó dé ló yẹ kí àwọn lèmọ́mù àti àfáà wa ti ṣàlàyé èyí ní mọ́ṣáláṣí. Ọjọ́ tí ìdílé ń sunkún kọ́ ni ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ pé tayamọ́mù wà fún òkú. Kí ìdílé náà sì rántí pé ẹni tí àjàkálẹ̀-àrùn pa ní ìgbàgbọ́ wà lára àwọn tí a kà mọ́ ṣẹ̀hídì.

Ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan lè ṣe

Kò sí ohun tó gbówó lórí púpọ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ kí ẹ tó wọ yàrá aláìsàn àti nígbà tí ẹ bá jáde. Àlùwàlá wa mọ́, ó sì lẹ́san, ṣùgbọ́n omi nìkan kò pa kòkòrò àrùn tó bí ọṣẹ ṣe ń pa á.

Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa tọ́jú aláìsàn. Àṣà wa ni kí gbogbo ẹbí rọ́ lọ wo aláìsàn, ẹ̀sìn wa sì gbà wá níyànjú lórí rẹ̀. Nígbà àjàkálẹ̀-àrùn, àdúà àti ìpè orí fóònù lè dípò rẹ̀.

Ẹ má ṣe fọwọ́ lásán kó èébì, ẹ̀jẹ̀ tàbí aṣọ tó ti bàjẹ́ lára aláìsàn. Ẹ lo ìbọ̀wọ́. Tí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ ra ìbọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé ó fẹ́ jẹ owó yín. Òun àti ẹ̀yin ni ìbọ̀wọ́ náà ń dáàbò bò.

Ẹ bo gààrí, ẹ̀wà àti ìrẹsì sínú ohun tó ní ìdérí tó le. Ẹ dí ihò eku, ẹ má ṣe kó ààtàn sí ẹ̀yìn ilé. Ẹ má ṣe jẹ oúnjẹ tí eku ti fẹnu kàn.

Tí ibà kò bá lọ lẹ́yìn tí ẹ lo oògùn ibà tó péye, ẹ má ṣe tún oògùn rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Ẹ lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ ibi tí aláìsàn ti rìn dé. Fún Lassa, oògùn kan tí wọ́n ń pè ní ribavirin wà, ó sì máa ń ràn án jù tí wọ́n bá tètè lò ó. Àwọn kan tó pẹ́ kí wọ́n tó gba ìtọ́jú kú, àwọn mìíràn yè ṣùgbọ́n etí wọn di.

Nọ́ńbà àjọ NCDC tó ń mójú tó àjàkálẹ̀-àrùn ní Nàìjíríà ni 6232. Ọ̀fẹ́ ni ìpè rẹ̀. Ẹ fi í sórí fóònù yín lónìí.

Ẹ má ṣe ya fọ́tò aláìsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera láti fi ránṣẹ́ kiri. Kì í kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń ṣe ni pé ẹlòmíràn tó ní irú àìsàn yẹn á fi í pamọ́ kí wọ́n má bàa ya tòun náà.

Nígbà tí wọ́n bá padà dé

Àwọn tó yè é nínú Ebola l'Ékòó gba ìwé pé ara wọn ti yá, síbẹ̀ ojú tí àwọn kan fi ń wò wọ́n kò yí padà. Ẹni tí ilé ìwòsàn ti dá sílẹ̀ kì í kó àrùn náà ran aládùúgbò nípa jíjókòó pọ̀, jíjẹun pọ̀ tàbí bíbọ ara wọn lọ́wọ́. Kòkòrò Ebola lè pẹ́ fún oṣù mélòó kan nínú àtọ̀ ọkùnrin, nítorí náà ìmọ̀ràn dókítà lórí ìbálòpọ̀ ni kí tọkọtaya tẹ̀lé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí ìdí láti sá fún un. Ẹ rántí ti Penny Pinneo: ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n ì bá máa sá fún ni ó gba onímọ̀ yẹn là.

Àwọn àwùjọ Mùsùlùmí ní Mọ́níyà, Ọ̀jọ́ọ̀, Ṣáṣá àti àyíká wọn ń ṣe sàárà lóríṣiríṣi. Páálí ìbọ̀wọ́ kan, gálọ́ọ̀nù ọṣẹ olómi tàbí bílíìsì tí a gbé lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò jẹ́ sàárà tó lè gba ẹ̀mí là. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ohun tí wọ́n nílò jù kí ẹ tó rà á. Tí a bá sì gbọ́ lọ́jọ́ kan pé nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa wà ní ìyàsọ́tọ̀, iṣẹ́ wa ni láti gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí a bá a mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ ilé kéú nígbà tí dókítà bá ti ní kò séwu, kí a sì dá ẹni tó bá ń bú wọn lẹ́kun.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní ìwòsàn, kó dáàbò bo àwọn tó ń tọ́jú wọn, kó sì ṣàánú àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́ náà.